Ìkànnì Kan Ṣoṣo Ni Kò Ṣí

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ilé tiwa la fẹ́ sọ, ó sì tì wá lójú díẹ̀.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé lọ́dọ̀ wa níbí ní Kàdúná fẹ́ kún fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ kan. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni fọ́ọ̀mù náà máa parí. Kọ̀ǹpútà ilé ṣí Google, ó ṣí YouTube, ṣùgbọ́n tó bá kan ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ yẹn, á kàn máa pòòyì, á wá sọ pé òun ò lè débẹ̀. Kí la kọ́kọ́ sọ? "Géèmù tó o gbé sórí rẹ̀ yẹn ló bà á jẹ́." Ọmọ ní òun ò ṣe nǹkan kan. A ò gbà á gbọ́. A gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì pa géèmù náà rẹ́. Ìkànnì ò ṣí síbẹ̀.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ: ká mú fóònù tó ń lo Wi-Fi kan náà, ká fi wo ìkànnì yẹn. Tí fóònù náà ò bá ṣí i, ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ẹ pa Wi-Fi, kẹ́ ẹ fi dátà iléeṣẹ́ mìíràn wò ó. Bóyá ìkànnì fúnra rẹ̀ ló dákú, bóyá ẹni tó ń tà dátà fún yín ni ò débẹ̀. Ìgbà míì sì rèé, ìjọba ló dí i. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2022 tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, kò sí ọmọ ilé kankan tó jẹ̀bi.

Fóònù tiwa ṣí i wàì. Àmọ́ fọ́ọ̀mù náà ò ṣe é kún lórí fóònù, inú kọ̀ǹpútà sì ni gbogbo ìwé ẹ̀rí ọmọ wà.

A gbé Firefox dípò Chrome, pàbó. A wo aago àti déètì, nítorí gbogbo ìkànnì tó ń lo https ló ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Tí déètì kọ̀ǹpútà bá wà lẹ́yìn, ìwé ẹ̀rí tí ìkànnì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á dà bí èyí tí àkókò rẹ̀ ò tíì tó. Tiwa pé.

Àwa tí èdè jẹ́ iṣẹ́ wa fẹ́ràn ibi tó kàn yìí. Kọ̀ǹpútà ò mọ orúkọ, nọ́mbà ló mọ̀. Orúkọ tí ẹ bá tẹ̀, á lọ bi ẹlòmíràn pé kí ni nọ́mbà rẹ̀, ètò yẹn ni wọ́n ń pè ní DNS. Lẹ́tà kan tó bá yàtọ̀, orúkọ mìíràn nìyẹn. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fi ọ rọ́pò o nínú àdírẹ́sì. Àmì abẹ́ lẹ́tà tí à ń fojoojúmọ́ bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má gbàgbé, ẹ wò ó dáadáa tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ ìkànnì bánkì yín.

A ṣí Command Prompt, a tẹ ipconfig /flushdns kí kọ̀ǹpútà lè gbàgbé àwọn nọ́mbà àtijọ́. Kò yí padà. A tẹ ping àti orúkọ ìkànnì náà, ó mú nọ́mbà kan wá. A tẹ nslookup àti orúkọ kan náà, nọ́mbà mìíràn ló mú wá. Ibẹ̀ lara ti bẹ̀rẹ̀ sí í fu wá. nslookup máa ń lọ bi DNS tààrà. Ping máa ń ka ohun tó wà nínú fáìlì kékeré kan mọ́ ọn, hosts lorúkọ rẹ̀, inú C:\Windows\System32\drivers\etc ló ń gbé. Nọ́mbà tó bá wà níbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á gbà, kò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́.

A ṣí i. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà rèé, nọ́mbà rèé níwájú rẹ̀. Ta ló kọ ọ́? Àwa ni! Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí à ń bá ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí kan náà wá èsì, tí DNS ń yọ wá lẹ́nu, la kọ ọ́ síbẹ̀ ká lè rọ́gbọ́n dá sí i, a sì gbàgbé. Ilé ẹ̀kọ́ ti kó ìkànnì wọn lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, kọ̀ǹpútà wa ṣì ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò.

Tí ẹ bá bá irú rẹ̀ pàdé, ẹ wá Notepad, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Run as administrator. Ẹ ṣí hosts láti inú rẹ̀ (ẹ yan All Files, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní rí i), ẹ fi àmì # síwájú ìlà náà, kẹ́ ẹ sì sefú u láìfi .txt kún orúkọ rẹ̀. Ìlà tí ẹ ò mọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tó bá sì jẹ́ orúkọ bánkì lẹ bá níbẹ̀, tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ nínú ilé, ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan sórí kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ títí ẹni tó mọṣẹ́ á fi wò ó. Tí hosts bá mọ́ tónítóní, ẹ yí DNS sí 1.1.1.1 tàbí 8.8.8.8, kẹ́ ẹ tún gbìyànjú.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni fọ́ọ̀mù náà wọlé. A bẹ ọmọ. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ká jọ̀ọ́, ká dá géèmù òun padà, ibi tóun bá a dé ti jìnnà.