Ewé Efinrin Nínú Omi Adìyẹ

Láti Ìlógbò-Èkìtì dé Ìjerò, Arámọko àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, àwọn tó ń sin adìyẹ mọ oògùn apakòkòrò tẹtirasáíkílìnì dáadáa. Bí adìyẹ kan bá ti ń yàgbẹ́ gbuuru, oògùn á ti wọ omi gbogbo agbo, dókítà ẹranko kò tíì débẹ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà. Oògùn ń mọ́ kòkòrò sàmónẹ́là àti E. coli lára, wọ́n sì lè bá ẹran àti ẹyin wọlé wa. Ìwádìí tó jáde nínú The Lancet ní 2022 fojú bù ú pé kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ pa èèyàn mílíọ̀nù 1.27 ní 2019. Tí a bá pín ikú náà mọ́ iye olùgbé, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti pọ̀ jù.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń dán efinrin, ewúro àti aáyù wò. Wọ́n á tẹ́ kòkòrò sínú àwo pẹrẹsẹ, wọ́n á fi bébà roboto tí wọ́n rẹ sómi ewé lé e. Bí ewé náà bá lágbára, àyíká bébà á mọ́ kedere, wọ́n á sì fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Àmọ́ inú àwo kọ́ ni inú adìyẹ. Ìgbà tí a já ewé àti bí a ṣe sá a lè yí agbára rẹ̀ padà. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ìjọba Èkìtì náwó sí ìdánwò nínú oko àwọn àgbẹ̀ wa gan-an, kí a mọ ìwọ̀n ewé tó yẹ lítà omi kan. Ní báyìí ná, ẹ pe dókítà ẹranko, ẹ má sì ta ẹyin adìyẹ tó ṣì wà lórí oògùn.