Ẹ Lọ Ṣí Ìwé Télọ̀ Yín Wò

Ẹ̀yin ará Ìjerò, ẹ̀yin ará Arámọkọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gòkè tẹ́ ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ sísanra, ká má sì tijú ara wa.

Tí obìnrin bá sanra díẹ̀ nílùú wa, oríire là ń kà á sí. "Owó ti dé o!" Tí ọkùnrin bá yọ ikùn, a ní ó ti di ọ̀gá. Ṣùgbọ́n tó bá di pé ìyá ò lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì láì mí gúlegúle, ọ̀rọ̀ á yí, wọ́n á ní họ́mónù ni. Ọ̀rọ̀ họ́mónù yìí ti wọ ẹnu ará ọjà báyìí bí ata ṣe ń wọ ọbẹ̀. Ẹni tó ń ta oògùn ò yẹ ọrùn ìyá wò, kò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó kàn ní táírọ́ìdì ló ń dà á láàmú, ó sì ka hóró oògùn fún un. Kẹ́ ẹ tó gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, ẹ bi ara yín léèrè: èwo ló kọ́kọ́ dé? Ṣé àìsàn ọrùn ló mú ara sanra, àbí ara tó sanra ló ń yọ ọrùn lẹ́nu?

Táírọ́ìdì jẹ́ ẹran kékeré tó rí bí labalábá, tó lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun lábẹ́ gògóńgò. Òun ló ń koná mọ́ ara. Tí iná yẹn bá rọlẹ̀, òtútù á máa mú èèyàn nígbà tí àwọn yòókù ń làágùn, ara á wúwo, awọ á gbẹ, ìgbẹ́ á le, nǹkan oṣù obìnrin á dà rú. Tó bá ròkè jù, àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, èèyàn á máa rù bó tilẹ̀ ń jẹun. Ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí i pé kó ṣiṣẹ́, orúkọ ìránṣẹ́ náà sì ni TSH. Ẹ fi wé olóko àti lébìrà rẹ̀: bí lébìrà bá ń ṣe ìmẹ́lẹ́, ohùn olóko á ga. Ìdí nìyẹn tí TSH fi máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ tó.

Àmọ́ ọ̀rá tó wà lára wa kì í ṣe ẹrù lásán, òun náà ń sọ̀rọ̀. Ó ní họ́mónù tirẹ̀, leptin, tó ń lọ bá ọpọlọ, tó sì lè mú kí olóko máa pariwo nígbà tí lébìrà ò tíì ṣẹ̀ ẹ́. Ìdí rèé tí TSH ọ̀pọ̀ ẹni tó sanra jù fi máa ń ga díẹ̀, tí yóò sì tún wálẹ̀ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá fọn. Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì: àwọn dókítà táírọ́ìdì ní Amẹ́ríkà sọ pé àìsàn kí táírọ́ìdì má ṣiṣẹ́ tó gan-an, ìwọ̀n bíi kílò méjì sí márùn-ún ló sábà máa ń fi kún ara, omi àti iyọ̀ ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó fi ogún kílò kún ara, ìwádìí rẹ̀ ò gbọdọ̀ parí sí ọrùn.

Eku ni wọ́n fi ń wádìí irú èyí, torí kò sẹ́ni tó máa jẹ́ ká ti òun mọ́lé ká máa fi ọ̀rá bọ́ òun. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan ní Ṣáínà tẹ ìwádìí jáde lórí akọ eku tí wọ́n fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ bọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. TSH wọn gòkè. T4, tí í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ táírọ́ìdì, lọ sílẹ̀. Oúnjẹ nìkan ló fa ìyẹn.

Ẹ sì kíyè sí i pé akọ ni. Ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé akọ ẹran ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń lò, wọ́n ní họ́mónù abo tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń da ìṣirò rú. Bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin ni àìsàn táírọ́ìdì ń bá jà jù, ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́jọ ti ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ abo, akọ la lọ bi! Ọdún 2016 ni NIH, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sórí ìwádìí ìlera, tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí àwọn tó ń gbowó rẹ̀ ka akọ àti abo sí. Nígbà tí wọ́n bá sì fi oúnjẹ ọlọ́ràá bọ́ abo eku náà, ó sábà máa ń fara dà á ju akọ lọ níwọ̀n ìgbà tí họ́mónù abo bá ṣì wà lára rẹ̀. Tí ìyẹn bá tán, ààbò náà tán. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá là ń sọ, ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin ìyá tí nǹkan oṣù ti dúró, ẹ sún mọ́bí pẹ̀lú.

Ẹ má pe ìyọnu tí ọ̀rá ń kó bá táírọ́ìdì yìí ní gẹ̀gẹ̀ o. Gẹ̀gẹ̀ tí àwọn àgbà mọ̀, àìtó áyódíìnì, èròjà inú oúnjẹ tí táírọ́ìdì ń lò, ló sábà máa ń fà á, pàápàá nílẹ̀ olókè tó jìnnà sókun bíi tiwa. Láti 1993 ni ìjọba ti pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa fi áyódíìnì sínú iyọ̀. Ẹ má ṣí iyọ̀ sílẹ̀ sínú oòrùn lórí àtẹ, áyódíìnì rẹ̀ ń bá atẹ́gùn lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí ọrùn bu iyọ̀ kún ọbẹ̀: ìwọ̀n tí kò tó ṣíbí tíì kan lójúmọ́ ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fún àgbà, iyọ̀ inú magí sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yan gààrì, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan dáadáa kó sì fún dáadáa; májèlé tó bá ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ ń dí áyódíìnì lọ́nà.

Ní ti sísanra, àwọn kan á ní iyán ló sọ wá dà báyìí. Ẹ fi iyán sílẹ̀. Bàbá àgbà jẹ iyán, ó fẹsẹ̀ rin lọ sóko kòkó, ó tún fẹsẹ̀ bọ̀. Ìyá àgbà ló gún un fúnra rẹ̀. Àwa ń fi ọ̀kadà lọ síbi tí a lè fi ẹsẹ̀ dé, ẹ̀rọ ń gún iyán, aago mẹ́sàn-án alẹ́ la jẹ ẹ́, a sì fi ẹlẹ́rìndòdò lé e. Ìgò ńlá rẹ̀ kan máa ń ní ṣúgà tó ju ṣíbí tíì mẹ́wàá lọ. Òfin ìṣúná 2021 fi owó orí náírà mẹ́wàá sórí lítà kan. Mi ò tíì rí ẹni tí náírà márùn-ún lórí ìgò onídajì lítà dẹ́rù bà. Ìwádìí ìjọba ní 2018 sì rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin Nàìjíríà láti ọmọ ọdún 15 sí 49, méjìdínlọ́gbọ̀n ló sanra kọjá bó ti yẹ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí rèé. Ẹ lọ bá télọ̀ yín, ẹ ní kó ṣí ìwé tó ń kọ ìwọ̀n sí, kó ka ìbàdí yín ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kó wá tún un wọ̀n. Tí ti ọkùnrin bá ju ìǹṣì mẹ́tàdínlógójì lọ, tàbí tí ti obìnrin ju ìǹṣì mọ́kànlélọ́gbọ̀n àbọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ má ra hóró táírọ́ìdì láti fi fọn. Ó lè da ọkàn láàmú débi ikú. (Ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún, kó má dá a dúró o.) Ẹni tí ọrùn rẹ̀ wú, tàbí tó ní àwọn àmì tí mo kà sókè yẹn, kó lọ sí ọsibítù ìjọba. Bó bá yẹ, wọ́n á kọ ọ́ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì tàbí ti ìpínlẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa gbà, dókítà ló sì yẹ kó ka èsì rẹ̀. Aboyún ò gbọdọ̀ fi falẹ̀ rárá, torí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, táírọ́ìdì ìyá ni ọpọlọ ọmọ gbójú lé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ìlera ní Ìjerò, téèpù kì í wọ́n. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ ọjà. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ fún wọn ní àga méjì àti ibòji, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ gbé ọwọ́ tiyín sókè kí wọ́n wọn ìbàdí yín. Bí àwọn èèyàn bá rí i pé ìyálọ́jà ti wọ̀n, àwọn yòókù á tò.