Àjàṣẹ́ Súnmọ́ Wa Ju Màkáò Lọ

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ ní ilé ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ rẹ̀ ni ó ti Màkáò dé, ní etí òkun ilẹ̀ Ṣáínà, ó sì kó àwòrán wá fún wa wò. Èyí tí ó wú gbogbo wa lórí jùlọ ni ti ilé ìsìn kan tí a kọ́ nígbà tí àwọn Pọtogí wà níbẹ̀. Iná jó o ní 1835. Ògiri iwájú rẹ̀ nìkan ni ó kù, ó dúró gbọn-in lórí àtẹ̀gùn òkúta, kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń ti gbogbo ayé wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wo ògiri kan ṣoṣo yìí. Ní 1999 ni àwọn Pọtogí dá ìlú náà padà fún àwọn Ṣáínà, lẹ́yìn ohun tí ó lé ní irínwó ọdún, àwọn tí ó gbà á kò sì wó ògiri náà.

Ìjòyè kan tí ó jókòó tì mí mí kanlẹ̀, ó ní, “Ọlọ́run kò fi irú èyí ta ilẹ̀ tiwa lọ́rẹ.” Mo bi í bóyá ó ti dé Àjàṣẹ́ rí. Ó ní, “Tíṣà, kí ni mo ń wá lọ sí ilẹ̀ Faransé?”

Ilẹ̀ Faransé! Láti 1960 ni àwọn ará ibẹ̀ ti gba òmìnira, ṣùgbọ́n ní ẹnu wa, Faransé ni ó ni wọ́n síbẹ̀. Ní 10 oṣù kẹjọ 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Párìsì tí wọ́n pín ilẹ̀ yìí láàrin ara wọn, ìlà wọn sì fi Kétu sí òdì kejì. Ọmọ Odùduwà ni Alákétu, ọmọ Odùduwà ni Ọ̀ràngún. Gẹ̀ẹ́sì kò bi Ọ̀ràngún léèrè, Faransé kò bi Alákétu. Àwa tí baba wa ní ogbó tí ó mọ̀nà, tí a fi ń jẹ́ Ìgbómìnà, ọ̀nà ilé ẹbí wa gan-an ni a kò mọ̀.

Mo lọ ní oṣù kejìlá ọdún 2018, èmi àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi méjì. A gba Bàdágìrì dé Sẹ̀mẹ̀, a pààrọ̀ owó wa sí sẹ́fà, a sì kọjá. Mo ti wá èdè Faransé díẹ̀ sẹ́nu, èyí tí mo kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n n kò rí ibi lò ó. Yorùbá ni obìnrin tí ó ta àkàrà fún wa ní Àjàṣẹ́ fi dá wa lóhùn, ó sì fi kún un pé ohùn wa jọ ti àwọn ará òkè.

Ìlú náà ní orúkọ mẹ́ta. Àwọn Gùn ń pè é ní Hogbonu, àwa ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn Pọtogí sì sọ ọ́ ní Porto-Novo ní 1752, èyí tí í ṣe Èbúté Tuntun. Ẹ má ṣe rò pé wọ́n jọba níbẹ̀ o. Ẹrú ni wọ́n ń rà. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ dàgbà ju Pọtogí lọ: wọ́n ní àwọn ọdẹ Yorùbá ni ó kọ́kọ́ rí ẹ̀mí olórí mẹ́sàn-án kan tí ó ti inú òkìtì ọ̀gán jáde. Aborí-mẹ́sàn-án ni orúkọ rẹ̀, ojúbọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀, a fi hàn wá. Kò sí ẹni tí yóò túmọ̀ orúkọ náà fún ọmọ Ìlá.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi dúró bí ẹni tí a kàn mọ́lẹ̀ ni mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1912. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Bràsílì gba òmìnira, tí díẹ̀ nínú wọn padà wálé, wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà tí wọ́n kọ́ lọ́hùn-ún bọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n kọ́. Nígbà tí àwọn Ìmàle láàrin àwọn Àgùdà wọ̀nyí fẹ́ ilé ìsìn tí ó yẹ wọ́n, irú ọwọ́ tí ó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ni ó kọ́ ọ fún wọn. Ilé ìṣọ́ méjì ni ó wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú òdòdó àmọ̀jẹ́ lára ògiri àti ọ̀dà aláràbarà tí ó ti ń bó. Èmi tí mo jẹ́ àlùfáà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí fìlà mi kí n tó rántí ibi tí mo wà. Ní ìlú yìí ni Ìmàle ti ń jẹ́ Paraiso, tí kò sì sí ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti ibẹ̀ a lọ sí Wídà, tí àwọn Faransé ń kọ ní Ouidah. Níbẹ̀ ni ilé olódi àwọn Pọtogí wà, tí wọ́n kọ́ ní 1721. Àgbàlá náà kò tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù kan tàbí méjì lọ, síbẹ̀ láti erékùṣù Sao Tome ni Pọtogí ti ń ṣàkóso rẹ̀ bí ẹni pé ìlú kan ni. Nígbà tí Faransé lọ ní 1960, Pọtogí kò lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìjọba Dàhòmì dá ọjọ́ fún wọn, òpin oṣù keje 1961. Olùṣọ́ tí ó wà nínú ilé náà ti iná bọ̀ ọ́ kí ó tó jáde. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà ni Íńdíà gba Góà lọ́wọ́ Pọtogí kan náà. Àwọn Dàhòmì tún ilé tí ó jóná náà ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1967.

Èyí ni ibi tí èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan gbé bá ara wa jà. Ó ní ilé tí a ti ń ka àwọn baba wa bí ẹní ka ewúrẹ́, ó yẹ kí a jẹ́ kí iná jó o tán. N kò lè bínú sí i. A ti rìn ní ọ̀nà tí àwọn ẹrú rìn lọ sí etí òkun, ó tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin, títí dé ẹnu-ọ̀nà ńlá tí a kọ́ síbẹ̀ ní 1995 fún ìrántí àwọn tí kò padà mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá. A ti rí i pẹ̀lú pé wọ́n ń bu ọlá fún Francisco Felix de Souza títí di òní, olówò ẹrú ará Bàhíà tí ó kú ní 1849, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń jẹ oyè Chacha rẹ̀. Èyí kò dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ẹlẹgbẹ́ mi pé ilé ẹni búburú ni ẹlẹ́rìí tí kò lè sá. Bí a bá wó o, ọmọ ọmọ wa yóò ní ìtàn àròsọ ni.

Àròsọ náà sì wà níbẹ̀, kí n má purọ́. Afinimọ̀nà wa mú wa dé ibi tí ó pè ní ibi Igi Ìgbàgbé, ó ní ọkùnrin a máa yí i ká lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Àwọn òpìtàn kan kò gba èyí gbọ́, nítorí kò sí ẹni ìgbà náà tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Wídà burú tó láìsí àfikún. Ìlú tí ó bá ń gba àlejò ní láti ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Mo sọ èyí pẹ̀lú ojú lára wa, nítorí mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ fún àlejò ní ẹnu ọ̀nà ààfin káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ wíwó ilé yìí, n kò ní ẹnu láti fi bá ẹnikẹ́ni wí. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ní ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ kan wà tí àwọn olùkọ́ àkọ́kọ́ gbé. Ìgbìmọ̀ ní kí a wó o kí a lè rí àyè gbé ọkọ̀ sí. Èmi ni akọ̀wé. Èmi ni mo ka ọwọ́ tí a nà sókè, tèmi sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni a fi wó o. A kò yà á ní fọ́tò. Bàbá arúgbó kan, tí baba rẹ̀ wà lára àwọn tí ó po amọ̀ rẹ̀, bẹ̀ wá kí a fún òun ní ilẹ̀kùn kan, ó sì rù ú lọ sí ilé. Nígbà tí bàbá náà kú, mo wá ilẹ̀kùn náà dé ilé rẹ̀, n kò rí i.

Ní Èkó pẹ̀lú, ilé Àgùdà kan tí a kọ́ ní 1855 ní ìta Tinúbú, èyí tí a mọ̀ sí Ìlọ́jọ̀, wà nínú ìwé ìjọba láti 1956 bí ohun ìrántí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó. Ní oṣù kẹsàn-án 2016 ni a fi katakata wó o.

Nísinsìnyí, ìjòyè tí ó ní Ọlọ́run kò ta wá lọ́rẹ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́. Ìlá Yàrà kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni àwọn baba wa ti gbé kí ọmọ ọba méjì tó pínyà, tí ọ̀kan fi tẹ ìlú yìí dó, tí èkejì fi lọ sí Òkè-Ìlá. Yàrà tí wọ́n gbẹ́ láti fi dáàbò bo ìlú ni ó fún un ní orúkọ. Ní 1996 ni ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, pẹ̀lú Fúnṣọ́ Afọláyan, tẹ ìwé ńlá jáde lórí ipò ọba ní ìlú wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn; Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà. Nígbà tí mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, àwọn tí yóò di olùkọ́ lọ́la, àwọn ọmọ Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, pé ta ni ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ Ìlá Yàrà, àwọn tí ó na ọwọ́ kò tó ìka ọwọ́ kan.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí ń bọ̀, bí Kábíyèsí bá fún wa láyè, mo fẹ́ mú àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti okùn ìwọ̀n, kí a wọn yàrà náà níbi tí ó bá kù sí, kí a sì kọ ohun tí a bá gbọ́ sílẹ̀ ní èdè wa. Bí bàbá tàbí ìyá kan bá wà, ní Ìlá tàbí ní Òkè-Ìlá, tí ó mọ orúkọ àwọn ẹnu-ọ̀nà ìlú náà, tàbí ibi tí ọjà rẹ̀ wà, kí ó jọ̀wọ́ rán ọmọ kan sí mi ní ilé-ẹ̀kọ́. Kò ní láti dìde wá. Èmi ni n ó wá bá a ní ilé.