Ẹ Bi Màmá Yín Kí Ẹ Tó Bú Orogún

 

Àǹtí aránṣọ kan ló kọ̀wé sí wa. Ẹni ọdún 41 ni wọ́n. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọn ò rí nǹkan oṣù mọ́, ooru sì ń mú wọn lóru bí ẹni tó wà nídìí ààrò. Wọ́n ní orogún wọn ló so ó. Owó ìránṣọ ti tán sọ́dọ̀ alágbo.

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmọ ọdún mélòó ni màmá yín nígbà tí tiwọn ṣíwọ́?

Ẹní bíni là ń jọ. Gbogbo ẹyin tí obìnrin máa lò láyé ló ti gbé wá látinú ìyá rẹ̀. Ó dà bí ọlọ́jà tó gbé apẹ̀rẹ̀ kan jáde, tí kò níbi tó ti máa kó òmíràn. Bí ọjà bá tán, nǹkan oṣù á dá. Àwọn onímọ̀ yẹ àwọn ìbejì wò lókè òkun, wọ́n rí i pé bí ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàrin obìnrin kan sí èkejì, àjogúnbá ni. Ti bàbá náà wà níbẹ̀, ẹ bi àwọn àbúrò bàbá yín lóbìnrin.

Ìwádìí tí Dókítà Okonofua àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 1990 fi hàn pé bí ọdún 48 ni ti obìnrin Nàìjíríà máa ń ṣíwọ́. Bó bá ṣáájú 45, ó yá nìyẹn. Bó bá ṣáájú 40, ẹ má fi falẹ̀ rárá: eegun lè tètè gbẹ, àrùn ọkàn sì lè tètè dé. Sìgá náà ń mú un yá.

Àìsàn mìíràn tàbí oyún náà lè dá nǹkan oṣù dúró. Nítorí náà, Àǹtí, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò. Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndó, kò jìnnà sí Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ sọ ọjọ́ orí màmá yín fún wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì tún yọ lẹ́yìn ọdún kan tó ti dá, ẹ má pè é ní èwe tó padà wá. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọbìnrin, ẹ má fi tiyín ṣe àṣírí. Ọmọ tó ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ, kóun gba ṣọ́ọ̀bù, kóun tó bímọ, ó yẹ kó mọ̀ bí ti màmá ẹ̀ bá dá ní 42. Ó ti máa ń ṣòroó lóyún fún ọdún bíi mélòó kan kí nǹkan oṣù tó dá pátápátá. Ẹ sọ fún un nígbà tí ọjà ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀.