Àdá Tí Kò Ní Àkọ̀ Kò Yẹ Kó Wọ Àárín Èrò ní Gbossimé

Ẹni tó bá ra àdá ní ọjà Gbossimé, níbí ní Lomé, bébà àpò símẹ́ńtì ni wọ́n sábà máa ń fi wé e fún un. Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ ni, ìwé ìròyìn àná ti tó. Oníbàárà á ki ọjà rẹ̀ bọ inú àpò, á gun zémíjàn, ó di ilé. Kí ọ̀kadà náà tó jáde láàárín èrò, ẹnu àdá ti la bébà, ó ti yọ síta. Ẹni tó gbé e kò mọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò pọ̀. Ohun mímú tí kò ní àkọ̀ kò yẹ kó wọ inú ọjà, kò sì yẹ kó jáde níbẹ̀. Àkọ̀ tí a ń wí yìí kì í sì í ṣe ti olówó. Kẹ́ẹ̀gì òróró tó ti jò, tí ẹ fẹ́ sọ sórí ààtàn, òun náà ni.

Iye owó tòmátì la bá lọ sí ọjà lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. Ọmọbìnrin alábàárù kan ń bọ̀ pẹ̀lú bàsíà tòmátì lórí, ọwọ́ kan ló fi di bàsíà mú. Àgbẹ̀ kan wà níwájú rẹ̀ tó gbé àpò kọ́ èjìká, èèkù àdá wà nínú àpò, ẹnu rẹ̀ wà lóde. Ẹnìkan pe bàbá náà láti ẹ̀yìn, bàbá yí padà láti dáhùn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdá ti fa apá ọmọ náà ya láti ìgbọ̀nwọ́ wá sísàlẹ̀.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Kò ju bàsíà sílẹ̀. Ó rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán, ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìgbà yẹn ló tó di apá rẹ̀ mú tó sì ké. Nígbà tí a bi í pé kí ló dé tí kò ju ẹrù nù, ó ní tòmátì kì í ṣe tòun, bó bá fọ́, òun ló máa san án.

Bàbá àgbẹ̀ náà kì í ṣe ìkà. Òun ló wá zémíjàn, òun ló san owó ìtọ́jú, ó sì ń bẹ ọmọ náà bíi pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì bi ọmọ náà pé ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn. Kò mọ̀. Ẹ bi ara yín léèrè, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí: ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìpẹtà ara irin ló ń fa àìsàn yìí. Kì í ṣe ìpẹtà. Kòkòrò rẹ̀ ń gbé inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran, níbi tí àdá àti ọkọ́ ń wọ̀ lójoojúmọ́, bí ọgbẹ́ bá sì ti jìn ló ń rí ibi fara pamọ́ sí. Àdá tuntun tó ń dán gbinrin lè gbé e, bó bá ti kan ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí irin gé fi gbọ́dọ̀ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ dáadáa, kí ó sì tètè dé ọ̀dọ̀ elétò ìlera.

Ọmọ náà kò lè gbé ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Alábàárù kì í gba owó oṣù. Ọjọ́ tí kò bá gbé ẹrù, kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan wà lágbàáyé tí ohun èlò wọn mú ju àdá wa lọ, ó sì dára kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe. Àwọn tó ń gun òkè tí yìnyín bò ni. Àáké ni wọ́n fi ń gbá yìnyín mú, wọ́n sì ń de irin eléyín mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà kí wọ́n má baà yọ̀. Inú ẹrù tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn ni irin wọ̀nyí máa ń wà bí wọn kò bá lò wọ́n, àgọ́ wọn tí aṣọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ sì lè wà nínú ẹrù kan náà pẹ̀lú okùn tí ẹ̀mí wọn so rọ̀ mọ́. Eyín irin kan ṣoṣo lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ilé iṣẹ́ ń ta ìbòrí rẹ̀ fún wọn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, láti ara rọ́bà omi tí wọ́n là láàárín tàbí ike ìgò tí wọ́n gé. Wọn kò fẹ́ kó wúwo, torí ẹni tó ń gun òkè mọ ìwọ̀n ohun gbogbo tó gbé.

Ẹ má wò ó bí ọ̀rọ̀ òyìnbó. Akọ̀pẹ tó fi igbà gun ọ̀pẹ, tí àdá rẹ̀ wà ní ìdí, ṣé igbà rẹ̀ kọ́ ni okùn ẹ̀mí tirẹ̀? Àwọn àgbẹ̀ tó wà lápá Kpalimé, lẹ́bàá Òkè Agou tó ga ju gbogbo òkè ní Togo lọ, mítà 986, ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí oko kòkó àti kọfí. Ní àsìkò òjò, ilẹ̀ ibẹ̀ á máa yọ̀. Ẹni tó ṣubú pẹ̀lú àdá ìhòòhò lọ́wọ́, àwa kò fẹ́ máa sọ ìyókù.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, àwa náà ti gbìyànjú rẹ̀, èkíní wa sì bàjẹ́. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 25. Èyí tó ti gba oògùn kòkòrò rí, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ kí òróró kúrò. Ẹ má gé e láti òkè wá sísàlẹ̀, kò ní gùn tó. Ẹ gé e yípo ara rẹ̀, ẹ ó rí ọ̀já ike tó gùn ju àdá lọ. Ẹ gbé àdá lé e, ẹ fi èédú fa ìlà, kí ẹ fi ìbú ìka kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú ibi tí ẹ ó ti ká a, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gé. Ẹ da omi gbígbóná sí i, á rọ̀, ẹ wá ká a bí ìwé.

Ibi tí a ti ṣìnà nìyí: a rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ lásán, lẹ́yìn ọjọ́ méjì àdá ti gé okùn. Ẹ gé ọ̀já ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i, kí ẹ fi há àárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níbi tí ẹnu àdá máa kọjú sí. Ọ̀já yẹn ni ẹnu àdá á máa fara kàn, kì í ṣe okùn. Ẹ fi ìṣó tí ẹ yọ́ nínú iná lu ihò, ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é nítorí èéfín. Okùn tí àwọn apẹja etí òkun wa fi ń hun àwọ̀n ló dára jù láti fi rán an. Ẹ dá ihò kékeré kan sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa ro jáde. Ẹ gé òrùka kan lára tíúbù táyà tó ti gbó, kí ẹ fi de èèkù mọ́ àkọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò wúwo tó ìdajì ọ̀rá omi kan. Ti ọ̀bẹ kò le tó bẹ́ẹ̀: páálí méjì tí ẹ lẹ̀ pọ̀ ti tó.

Bàbá kan tó ń tẹ́ àdá ní Gbossimé gbọ́ wa tán, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àkọ̀ awọ ni bàbá òun ń lò, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló ń fi ike ṣe ohun gbogbo. A kò bá a jiyàn nípa ẹwà. Iṣẹ́ àwọn oníṣọ̀nà awọ Ọ̀yọ́ dára ju ti kẹ́ẹ̀gì lọ. Ṣùgbọ́n awọ ń mu omi, ìlú etí òkun sì ni Lomé. Àdá tó sùn nínú awọ tútù, ìpẹtà ló máa bá jí. Bàbá tún ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, oníbàárà fẹ́ fojú rí ẹnu àdá kó tó sanwó.” Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó rí i, kó fi àtàǹpàkò wò ó, kó sanwó. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó nà án sí i, ẹ fi àkọ̀ sí i.

Ọ̀kan nínú wa fẹ́ kí a béèrè fún òfin, kí wọ́n máa bu owó ìtanràn lé ẹni tó gbé àdá láìní àkọ̀. Àwa tó kù kò fara mọ́ ọn. A mọ ibi tí irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń gbà. Ẹni tó ń tà á ni kó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin oní-zémíjàn náà sì máa béèrè kí èrò tó jókòó sẹ́yìn yín. Ẹ̀yìn tiyín ló kọ́kọ́ sún mọ́ irin náà.

A ṣe àkọ̀ mẹ́ta, a kó wọn fún bàbá. Ó gbé ọ̀kan kọ́ lára igi àtíbàbà rẹ̀ bí ohun yẹ̀yẹ́. Ní Sátidé, ìyá kan wá ra àdá, ó nawọ́ sí àkọ̀ náà, ó ní ṣé ó bá a lọ. Bàbá wò wá, ó wo ìyá náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn, Ìyá, ẹ bá mi mú kẹ́ẹ̀gì òróró yín tó ti jò wá.