Ìwé Ẹni tí Ń Ṣọ́ Ojú Ọ̀run

Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó lè ka orúkọ plánẹ́ẹ̀tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láìkọsẹ̀ kò níye. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè lálẹ́ pé èwo ni Júpítà nínú gbogbo ohun tí ń tàn lókè yìí, ojú olùbéèrè ni wọn yóò máa wò. Èmi kò ka irú èyí sí ìmọ̀.

Àwọn kan a wí pé kò sí awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn ní ilé-ìwé wọn. Àwáwí ni. Tycho Brahe, ará Dẹ́ńmáàkì, kú ní ọdún 1601, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú awò bẹ́ẹ̀ wo ojú ọ̀run. Ojú lásán àti irinṣẹ́ ìwọ̀n ni ó fi ṣọ́ Máàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni Johannes Kepler ti rí i, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1609, pé ọ̀nà tí Máàsì ń tọ̀ yí oòrùn ká kò rí róbótó bí òrùka.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Àgùàlà. Nítorí pé a máa ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù, àwọn kan ń pè é ní ajá oṣù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òwe wa ti já wọn nírọ́. Ẹ ṣọ́ ọ ní alẹ́ mẹ́ta léraléra, oṣù yóò ti fi í sílẹ̀ lọ. Oòrùn ni kì í jìnnà sí. Ìdí nìyí tí a fi ń rí i ní ìwọ̀-oòrùn ní àṣálẹ́, tàbí ní ìlà-oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n tí a kì í rí i láàárín òru ní ilẹ̀ wa.

Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Máàsì ni mo ṣọ́. Mo ń ya ipò rẹ̀ láàárín àwọn ìràwọ̀ sínú ìwé kan, mo sì rí i pé ó ń sún díẹ̀díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Ìdánwò dé, n kò jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ìwé mi má baà ní àlàfo, mo jókòó ti fìtílà, mo fa ìlà náà síwájú bí mo ti rò pé yóò rí, mo sì kọ ọjọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo padà jáde, Máàsì kò sí níbi tí ìwé mi wí. Mo ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i: ìwọ̀-oòrùn ni ó ń padà sí! Ayé wa ni ó ń yà á sílẹ̀, nítorí pé ayé yára jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ̀kẹ́ tí ọkọ̀ wa bá ń yà sílẹ̀ a máa dà bí ẹni pé ó ń fà sẹ́yìn. Àkókò tí ó dúró kí ó tó yí padà ni ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun gan-an sì ni mo fi irọ́ bò mọ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí mo bá rí i nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ pé, “Ìkúùkuu bo ojú ọ̀run, n kò rí nǹkan,” inú mi a dùn. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ mìíràn a máa gba máàkì nítorí àlàfo. N kò bá wọn fohùn ṣọ̀kan. Ta ni ó ń gbé ilẹ̀ yìí tí kò mọ ohun tí òjò àti ọyẹ́ ń ṣe sí ojú ọ̀run?

Lẹ́yìn òjò àrọ̀kúrò, kí ọyẹ́ tó mú, ẹ wá ibi tí iná ìlú kò pọ̀ sí. Ẹ wá èyí tí kì í ṣẹ́jú bí àwọn ìràwọ̀ yòókù. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, àti ìràwọ̀ tí ó wà nítòsí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Júpítà ni, ẹ ní sùúrù. Nǹkan bí ọdún 12 ni ó fi ń yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan.