Ìpèníjà fọ́tò dúdú àti funfun l'Abidjan: Ta ni yóò ṣí àpótí àwọn onífọ́tò Yorùbá?

Òfin ìpèníjà náà kò pọ̀. Fíìmù dúdú àti funfun kan ṣoṣo, fọ́tò 36, oṣù kan. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ fi fóònù ya ohunkóhun, kò sì gbọdọ̀ gbé fíìmù rẹ̀ fún ẹlòmíràn fọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fọ̀ ọ́.

Àwa mélòó kan la kó ara wa jọ láti ṣe é l'Abidjan: akọ̀ròyìn bíi tèmi, akẹ́kọ̀ọ́ méjì, télọ̀ kan, àti ẹnìkan tó ń tún fóònù ṣe l'Adjamé. Kì í ṣe àwa la dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Káàkiri ayé ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń padà sídìí fíìmù, débi pé Pentax gbé kámẹ́rà onífíìmù tuntun jáde lọ́dún 2024, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti kú. Ilé iṣẹ́ Harman nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò tíì dáwọ́ fíìmù Ilford dúró.

Ní ìlú míì, eré ìdárayá lè ni gbogbo rẹ̀. L'Abidjan, tí ẹ bá jẹ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn wo ló ń ya àwọn ará ìlú ní fọ́tò?

Ànàgó ni wọ́n ń pè wá níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló wá láti Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, débi pé ẹ ó gbọ́ èdè Faransé ní Èjìgbò, ẹ ó sì rí ọkọ̀ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ l'Abidjan. Àwọn kan kó ọjà wá. Àwọn kan gbé kámẹ́rà wá.

Lọ́dún 2005, onímọ̀ ìtàn ọmọ ilẹ̀ Faransé, Erika Nimis, tẹ odidi ìwé kan jáde ní Paris lórí àwọn onífọ́tò Yorùbá ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nìkan. Kò sọ̀rọ̀ nípa gbajúmọ̀ kan tàbí méjì. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó fọ́n ká orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ló ń tọpasẹ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe ń tàn ká kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́: ọmọdé tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ kúrò nílé, ó lo ọdún púpọ̀ nínú yàrá òkùnkùn, ó gba fírídọ́ọ̀mù, ó sì wá ìlú tí kò tíì sí onífọ́tò lọ. Àwọn míì, ìjọba ló lé wọn débẹ̀. Nígbà tí Busia pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé fi Ghana sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe gbogbo Yorùbá tí wọ́n lé ló padà sílé.

Ohun tó ń mú owó wọlé fún sítúdíò kì í sábà jẹ́ ọjọ́ ìbí tàbí ìgbéyàwó. Ìwé ìjọba ni. Lẹ́yìn òmìnira Côte d'Ivoire lọ́dún 1960, gbogbo ẹni tó fẹ́ kàádì ìdánimọ̀ ló nílò fọ́tò pélébé. Ní Korhogo ní àríwá, Cornélius Azaglo Augustt, ọmọ Kpalimé ní Togo, ya àìlóǹkà àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà nítorí irú kàádì bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti pàtẹ àwọn fọ́tò náà lókè òkun báyìí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà.

Nígbà tó wá di ọdún 1990, ìjọba Abidjan ṣòfin pé kí àlejò ní káàdì ìgbélùú, ìyẹn carte de séjour. Ẹ wo bó ṣe rí: onífọ́tò Yorùbá tó ń ya ọmọ onílẹ̀ fún kàádì ọmọ onílẹ̀, òun náà ní láti jókòó síwájú kámẹ́rà kí wọ́n má baà mú un lójú títì. Ọdún 2007 ni wọ́n tó fagi lé káàdì yẹn fún àwa ọmọ ECOWAS. Láàárín ìgbà méjèèjì, àríyànjiyàn lórí ta ni ojúlówó ọmọ ilẹ̀ ti da orílẹ̀-èdè yìí rú, ó sì ti di ogun lọ́dún 2002. Nínú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, fọ́tò àtijọ́ tó ní déètì lẹ́yìn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́.

Kí ló ń ṣe àwọn nẹ́gẹ́tíìfù?

Bí iṣẹ́ náà ṣe bàjẹ́ kò gba àlàyé gígùn. Ẹ̀rọ tó ń tẹ fọ́tò aláwọ̀ jáde kíákíá dé, fọ́tò dúdú àti funfun di ti àgbàlagbà, fóònù sì wá parí ìyókù. Àwọn sítúdíò tilẹ̀kùn. Àwọn nẹ́gẹ́tíìfù ló ṣẹ́ kù.

Àwọn náà ń kú lọ. Asetéètì ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú fíìmù àtijọ́, ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀, a sì mọ bí ojú ọjọ́ Abidjan ṣe ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, yóò máa rùn bí ọtí kíkan, yóò súnkì, yóò ká kò, àwòrán yóò sì ṣí kúrò lára rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé èéfín rẹ̀ a máa ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó dé gbogbo rẹ̀ mọ́ inú agolo nítorí kó má baà bàjẹ́ ń bà á jẹ́ kíákíá ni.

A ti rí i pé ó ṣeé gbà là. Paul Kodjo, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bàbá iṣẹ́ fọ́tò ní Côte d'Ivoire, ló ń ya àwọn ìtàn ìfẹ́ onífọ́tò fún ìwé ìròyìn Ivoire Dimanche láàárín ọdún 1970 sí 1979. Lẹ́yìn náà, a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́, àwọn nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ sì ń bàjẹ́. Ananias Léki Dago, onífọ́tò ọmọ Abidjan tí òun náà ń lo fíìmù dúdú àti funfun, ló kó wọn, tó tún wọn ṣe. Kodjo rí i kí ìṣẹ́ rẹ̀ padà sójú ayé kó tó kú lọ́dún 2021.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nìyẹn: ẹni tó mọ fíìmù lọ́wọ́ ló lè gba fíìmù là.

Ìdí nìyí tí n kò fi fi ìpèníjà wa ṣe yẹ̀yẹ́, bí owó fíìmù tilẹ̀ ń dunni. Kò sí ní ìsọ̀ àdúgbò; ẹni tó ń bọ̀ láti Paris la bẹ̀ kó bá wa rà á. Ìwọ̀n 20 ni ìwé tó bá fíìmù wá ní kí omi wà, omi ẹ̀rọ Abidjan sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọ fíìmù, n kò fi yìnyín sí i. Gbogbo rẹ̀ ló dúdú kọjá ààlà. Ọ̀kan nínú wa kọ̀ láti ra oògùn ìfọfíìmù, ó lo kọfí, sódà ìfọṣọ àti fítámì C. Kì í ṣe idán: ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Rochester, ìlú Kodak gan-an, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò lọ́dún 1995. Tirẹ̀ dára ju tèmi lọ.

Àwọn bàbá wa ṣe ju èyí lọ nínú yàrá òkùnkùn. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, ní àárín ọdún 1970 sí 1979, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, rí i pé tí ìbejì kan bá kú, onífọ́tò a ya èyí tó kù, a sì tẹ nẹ́gẹ́tíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pa pọ̀.

Ta ló ni àwọn fọ́tò náà?

Ìbéèrè yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ayé ti fi hàn pé owó wà nínú fọ́tò wa. Malick Sidibé ti Mali gba Kìnnìún Wúrà ní Venice lọ́dún 2007. Seydou Keïta, ará Bamako bíi tirẹ̀, kú lọ́dún 2001, ìjà lórí nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ sì dé ilé ẹjọ́. Àwọn méjèèjì ṣì ní orúkọ. Onífọ́tò Yorùbá ní Treichville kò ní; òǹtẹ̀ sítúdíò lẹ́yìn bébà nìkan ló fi sílẹ̀. Tí oníṣòwò kan bá fi owó díẹ̀ ra àpótí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ta ni yóò jà?

Mo dábàá fún ẹgbẹ́ wa pé kí a pín oṣù náà sí méjì: fọ́tò 18 fún ẹni kọ̀ọ̀kan dípò 36, kí a fi ìyókù àkókò náà nu nẹ́gẹ́tíìfù àtijọ́, kí a yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, kí a kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sí wọn. Ẹ̀dà kan fún ìdílé onífọ́tò, ẹ̀dà kan fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀. Àwọn fíìmù gan-an kò ní kúrò lọ́wọ́ ìdílé náà. Àwọn kan bínú. Wọ́n ní fọ́tò tiwọn ni àwọn wá yà, wọn kò wá ṣe akọ̀wé fún òkú. N kò lè dá wọn lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n mo ti kí bàbá kan ní Treichville, onífọ́tò ni tẹ́lẹ̀, ọmọ Èjìgbò. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá bi mí bóyá mo mọ fíìmù fọ̀, mo sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìnyín. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fa àpótí páànù kan jáde lábẹ́ ibùsùn, wọ́n ṣí i díẹ̀. Òórùn ọtí kíkan náà gba yàrá kan. Wọ́n yára pa á dé. Wọ́n ní kí n kó àwọn ọ̀rẹ́ mi wá lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ìbọ̀wọ́ dání, kí a sì wá ní òwúrọ̀ kí ooru tó mú.